Àáró lórí léètì: ìdáhùn fún tíṣà ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìsánlú

Tíṣà kan ní Ìsánlú ló kọ̀wé sí mi. Lẹ́tà náà gùn díẹ̀, mo gé e kúrú:

"Ẹ okun o, ọ̀gá. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè fá a. Ọmọ méjìdínlógún ni wọ́n, obìnrin mẹ́rin wà nínú wọn. Léètì méjì la ní, ẹ̀rọ ìlu kan, gíráíńdà kan, àti báìsì mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, irin kékeré kan ni mo máa ń fún oníkálukú pé kó fá a bí àwòrán ṣe wí. Tí mo bá ti fún un ní máàkì, orí àkìtàn ni irin náà ń lọ. Ní táàmù yìí mo ní kí gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ ṣe ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mẹ́rin, torí àwọn ìyá onígaàrí kan ládùúgbò ti ní àwọn máa rà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọkùnrin mẹ́ta ló gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn yòókù ń wòran. Ṣáàfù mẹ́rin tí wọ́n gé, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, méjì péré ló wọ béárìnì bó ṣe yẹ. Òbí méjì sì ti wá bi mí bóyá mo ti sọ ọmọ àwọn di alágbàṣe. Ṣé kí n padà sí ti tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ ká máa wá owó ẹ̀rọ CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí?"

Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ má padà sí ti tẹ́lẹ̀ o. Irin tó ń lọ sórí àkìtàn lẹ́yìn máàkì, ọmọ mọ̀ pé orí àkìtàn ló ń lọ, bí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń fá a. Mo ti gba irú wọn síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà lára léètì, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n ṣe nọ́ọ̀tì fún bóòtù kan tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n á ṣe nọ́ọ̀tì tó bá àwòrán mu, tí kò ní bá bóòtù mu. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ rí pé irin kan máa ń dúró de irin mìíràn.

Àmọ́ bí ẹ ṣe gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ náà ló fa wàhálà tó dé bá yín. Ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ jẹ́, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tó bá bẹ ọ̀wẹ̀, gbogbo ènìyàn ló máa wá. Á sè, á wá ẹmu. Ẹni tó lágbára á ṣe púpọ̀, ẹni tó mọ orin á kọrin, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá á jókòó sábẹ́ igi, tí oúnjẹ bá sì dé, gbogbo wọn á jọ bu òkèlè. Kò sẹ́ni tó ń ka iye bíríkì tí ẹnì kan gbé. Àáró yàtọ̀. Àwa márùn-ún la jọ ṣe é, òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Tí mo bá kọ ebè rádaràda sóko rẹ, mo mọ̀ pé ìwọ náà ń bọ̀ lóko mi lọ́túnla. Ojú ń ti ènìyàn nídìí àáró. Ojú kì í ti ènìyàn nídìí ọ̀wẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ làwọn ọmọ yín fi iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ sọ ọ́ di àáró fún wọn, ìdajì ohun tí ẹ ráhùn lé lórí á lọ.

Bí mo ṣe máa pín in rèé. Ẹ má sọ pé kí ẹgbẹ́ kìíní ṣe ẹ̀rọ kìíní, kí ẹgbẹ́ kejì ṣe ìkejì. Ọ̀wẹ̀ kékeré mẹ́rin nìyẹn máa dà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì ní akínkanjú tirẹ̀ àti òǹwòran tirẹ̀. Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ pín. Ọmọ mẹ́rin ní ìdí ṣáàfù, kí wọ́n gé ṣáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́rin ní ìdí ìlù, ìyẹn ibi tí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu máa wé mọ́, àti àwo irin méjì tó máa dí ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mẹ́rin ní ìdí púlì àti kíì rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tó ń de púlì mọ́ ṣáàfù. Mẹ́rin ní ìdí fírémù, ibi tí béárìnì máa jókòó lé àti àwọn ihò bóòtù. Ó ku méjì. Àwọn yẹn ló ń tọ́jú irinṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ìwé ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Lẹ́yìn tí apá kan bá parí, kí gbogbo wọn ṣí nípò: ẹni tó wà nídìí ṣáàfù á lọ sídìí ìlù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn akọ̀wé náà á bọ́ sídìí léètì.

Òfin kan ló wà níbẹ̀, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé: ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ́ ló máa fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbà á ló máa wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ ìlù ló máa gba ṣáàfù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣáàfù, torí náà àwọn ni kí wọ́n mú micrometer, irinṣẹ́ tó ń wọ̀n ìbú irin dé ìdá kékeré mílímítà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i. Tí ìwọ bá gbà á wọlé tí kò sì bá àwo irin rẹ mu lọ́la, tìẹ ni. Ẹ ò lè bá ẹni tó gé e jà mọ́.

Ẹ wò ó bó ṣe ń rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé òfin yìí kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí ẹ ò bá pè é, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọkùnrin tó ń pariwo jù láàárín wọn ló gbé ṣáàfù fún un. Ó mú béárìnì, ó tì í sórí ṣáàfù. Béárìnì lọ bí ìka méjì, ó dúró. Kò sọ nǹkan kan, ó yọ ọ́, ó dá ṣáàfù padà fún un, ó ní, "Kò wọlé." Ọmọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n tòun, sọ pé ó dáa, òun ti ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀ rí, béárìnì ni kò dáa. Ọmọbìnrin náà mú béárìnì mìíràn nínú páálí, ó tún tì í. Ibì kan náà ló dúró sí. Béárìnì ò mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọkùnrin náà ti ń wọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e fún un, èmi ò sì sọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ dandan pé ṣáàfù èyíkéyìí gbọ́dọ̀ wọ fírémù èyíkéyìí, kì í ṣe ṣáàfù kìíní fún fírémù kìíní nìkan. Àwa tá a ń jó irin lẹ́bàá ọ̀nà mọ́ òdìkejì rẹ̀ jù: a máa ń fi fáìlì ha èyí kó lè bá ìyẹn mu, tí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí nǹkan tá a lè rọ́pò lára rẹ̀. Ìlú Ọba náà ti wà nínú irú ipò yìí rí. Kó tó di 1841 tí Joseph Whitworth, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá ìwọ̀n kan ṣoṣo fún eyín ojú bóòtù, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ń gé bóòtù bó ṣe wù ú.

Ó yá, ká wá sórí ṣáàfù méjì tó kọ̀. Ẹ ò sọ bóyá wọ́n tóbi jù ni tàbí wọ́n kéré jù, ẹ sì ní láti mọ̀, torí ọ̀nà tí wọ́n gbà bàjẹ́ yàtọ̀ síra. Mo gbà pé béárìnì onílé, 205, lẹ lò, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25. Fún irú béárìnì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí àwòrán pé ṣáàfù kò gbọdọ̀ ju 25.00 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 24.98. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, irun orí ènìyàn kan nípọn jù ú lọ dáadáa. Vernier tó ń ka ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ò lè ṣe adájọ́ irú àlàfo bẹ́ẹ̀, torí àṣìṣe ọwọ́ tó ń dì í mú tó àlàfo náà fúnra rẹ̀. Micrometer lẹ máa lò. Èyí tó ń ka 0 dé 25 lẹ máa fi wọ̀n ṣáàfù tó parí, èyí tó ń ka 25 dé 50 lẹ máa fi wọ̀n irin tó bá ṣì ju 25 lọ.

Ẹ wọ̀n ṣáàfù náà lórí, láàárín, àti ní ìdí. Tí ibi kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, tó ń tín-ín-rín lọ bí ìdí kárọ́ọ̀tì, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ kankan. Tail stock ni, orí ẹ̀yìn léètì tó ń fi ṣóńṣó ti ìdí irin. Kò sí lójú ìlà kan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ẹnu léètì tó ń di irin mú. Ẹ mú irin kan tí ẹ ò fẹ́ lò mọ́, ẹ fá a fẹ́ẹ́rẹ́ láti òpin kan dé èkejì, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí òpin kan bá jẹ́ 28.06 tí èkejì jẹ́ 28.00, ìyàtọ̀ ìbú jẹ́ 0.06, nítorí náà ìdajì rẹ̀, 0.03, ni tail stock fi yà kúrò lójú ọ̀nà. Tí ìdí ọ̀dọ̀ tail stock bá tóbi ju orí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì lọ, ẹ tì í wá sápá ibi tí túùlù wà. Tó bá kéré jù, ẹ tì í lọ sódìkejì. Ẹ tún fá, ẹ tún wọ̀n. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ṣe é fúnra wọn o, kì í ṣe kí ẹ ti tún un ṣe ní alẹ́ kí wọ́n tó dé. Ọmọ tó bá ti tún tail stock ṣe lẹ́ẹ̀kan kò ní gba léètì kankan gbọ́ mọ́ láyé rẹ̀, ohun tá a sì ń fẹ́ nìyẹn.

Tí ṣáàfù bá kéré láti orí dé ìdí, ohun méjì ló sábà fà á. Èkíní ni ìlà nọ́ńbà tó wà lára ọwọ́ tó ń ti túùlù wọlé. Lórí ọ̀pọ̀ léètì àtijọ́, tí ẹ bá tì í 0.1, 0.1 ni túùlù rìn, ṣùgbọ́n 0.2 ló máa kúrò lára ìbú irin, torí irin ń yípo. Ọmọ tó fẹ́ yọ 0.2, tó tì í 0.2, ti yọ 0.4. Àwọn léètì mìíràn wà tí nọ́ńbà wọn ti kà á sí ìbú. Ẹ dán ti yín wò lónìí, ẹ fi kun funfun kọ èsì rẹ̀ sára ẹ̀rọ gàdàgbà.

Èkejì ni ooru, orí rẹ̀ sì ni mo ti jìyà. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn, mo wà nílé-iṣẹ́ ńlá kan, lábẹ́ ọ̀gá kan tó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ Rọ́ṣíà láti kọ́ṣẹ́ nítorí Àjàòkúta, ilé-iṣẹ́ irin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979. Àwa mẹ́rin ni wọ́n ní ká gé ìṣó irin (pin) mẹ́rìnlélógún, ìbú mílímítà 60. Àwa ń sáré, a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a mọṣẹ́. Tí ọ̀kan bá ti kúrò lẹ́nu túùlù la ń wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pé gẹ́ẹ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mú micrometer, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó àwọn kan sọ́tọ̀. Mọ́kànlá ló kéré jù. Ó bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe kéré lóru. A ò mọ̀. Ó ní kí ẹnì kan fọwọ́ kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí léètì. Ó gbóná débi pé a ò lè dì í mú pẹ́. Irin máa ń wú tó bá gbóná: mítà kan irin á fi nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà gùn sí i fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Ìṣó mílímítà 60 tó fi ogójì ìwọ̀n gbóná ju ojú ọjọ́ lọ á fi nǹkan bí 0.03 fẹ̀ sí i. Nígbà tó tutù lóru, 0.03 yẹn lọ, iṣẹ́ wa sì bá a lọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la pín ẹ̀bi náà, torí kò sẹ́ni tó yàtọ̀ sí wa tó wọ̀n ọ́n.

Lórí ṣáàfù tiyín, 25 péré, nǹkan bí 0.01 ló máa jẹ́ pẹ̀lú ooru kan náà, ìdajì àlàfo tí ẹ ní nìyẹn. Torí náà, kí wọ́n fi ìdajì mílímítà sílẹ̀, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ mu omi, kí ẹlòmíràn lo léètì kejì. Tí irin bá tutù, kí wọ́n pín ìdajì yẹn sí méjì, kí wọ́n fá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan náà, kí wọ́n wọ̀n láàárín méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìdúró yẹn pọ̀ ju èyí tó wà nínú fífá lọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò iye tí léètì máa fi yí, kí wọ́n má ṣe fi etí gbọ́ ọ nìkan. Fún irin rírọ̀ àti túùlù HSS, irin líle tí wọ́n fi ń gé irin, mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan dára. Ẹ sọ 25 di ìlọ́po 1000, ẹ sọ 3.14 di ìlọ́po ìbú irin, kí ẹ fi èyí pín ti àkọ́kọ́. Tí irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 30, èsì á jẹ́ nǹkan bí ìgbà 265 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí léètì yín. Bákan náà ni ẹgbẹ́ púlì ní ìṣírò tiwọn: tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ jẹ́ 100, tí ti ìlù jẹ́ 150, ìlù á yí 1000. Kíì tó bá ṣáàfù 25 mu jẹ́ fífẹ̀ mílímítà 8, gíga 7, mílímítà mẹ́rin nínú gíga rẹ̀ á wọnú ṣáàfù. Ẹ ò ní milling, ẹ̀rọ tó ń gé ihò kíì, mo mọ̀. Ihò kíì inú púlì, ẹ de púlì mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ẹ ti ṣọ́ọ̀kì pa kó má yí, kí túùlù tó wà lórí ọ̀pá máa wọlé, kó máa jáde, kí ọwọ́ máa tì í ní 0.1, 0.1. Ó máa ń rẹ ènìyàn, àmọ́ ó ń dọ́gba. Ti ṣáàfù, ẹ fi ẹ̀rọ ìlu lu ihò tò, kí ẹ fi fáìlì parí rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: omi ẹ̀gẹ́ ń jẹ irin. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páànù dúdú wé ìlù nítorí pé ó wà nílẹ̀. Àwọn ìyá yẹn máa rí i nínú àwọ̀ gaàrí wọn.

Àwọn ọmọ mẹ́ta tó gba iṣẹ́ ṣe ńkọ́? Ẹ má bá wọn wí. Àwọn ni wọ́n máa mú ilé-ẹ̀kọ́ yín lórúkọ lọ́la. Ẹ kàn fi wọ́n sípò akọ̀wé àti olùtọ́jú irinṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni kẹta sí fírémù, kí ẹ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan léètì. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọ́n lè ya àwòrán, wọ́n lè ṣírò. Ẹ máa wo bí ara ṣe máa ta wọ́n. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe lọ́wọ́ tí kò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ìdajì rẹ̀ ló mọ̀. Mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ewu tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan máa ń mú wá, ẹ má fojú kékeré wò ó. Nígbà tí ọmọ kan bá dá wà nídìí léètì, ó mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Tí wọ́n bá di méjì, ọ̀kan ń dè irin mọ́ ṣọ́ọ̀kì, èkejì rò pé ó ti parí, ó tẹ iná. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì tó bá ṣì wà nínú ihò rẹ̀ lásìkò yẹn á fò bí ọta. Ẹni kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná léètì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni yẹn kan náà, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ. Kò sí ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tó ń yí, kò sí apá aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìborí àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n dì í mọ́ra pinpin. Ìkọ́ ni kí wọ́n fi fa èérún irin, kì í ṣe ìka. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń sún mọ́ léètì láìfi awò bojú, kódà òǹwòran.

Iná ọba ò ṣeé gbọ́kàn lé lọ́dọ̀ yín bí kò ṣe ṣeé gbọ́kàn lé lọ́dọ̀ wa, ẹ má jẹ́ kó ba ètò jẹ́. Ọjọ́ tí kò bá sí, ẹ fi ya àwòrán, ẹ fi fáìlì ṣiṣẹ́ kíì, ẹ fi máàkì ihò fírémù, ẹ fi wọ̀n ohun tó wà nílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ọjọ́ fífá ìkẹyìn nìkan ni kí ẹ tàn án fún.

Ní ti àwọn òbí, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n béèrè. Alágbàṣe ń gba owó, ọmọ iṣẹ́ ń gba ìmọ̀, àmọ́ ìmọ̀ ò ṣeé kà lójú bí owó, ẹni tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ á fẹ́ rí nǹkan. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tó gé, kó kọ nọ́ńbà tó yẹ kó jẹ́ àti nọ́ńbà tó jáde, kó sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí òbí bá dé, ẹ má ṣàlàyé kankan, ẹ ṣí ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ sì kọ iye owó irin, béárìnì àti epo jẹnẹrétọ̀ sórí pátákó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè kà á. Ibi tí owó bá fara pamọ́ ni ọ̀rọ̀ alágbàṣe ti ń jáde.

Iṣẹ́ àdáṣe náà ò gbọdọ̀ parẹ́ pátápátá. Ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa ń dúró fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Nínú táàmù kan, kí oníkálukú ṣe bóòtù M12 (ìbú mílímítà 12) kan àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ihò 10.2 kó tó ki tap, irinṣẹ́ tó ń gé eyín sínú ihò, bọ̀ ọ́, eyín ojú rẹ̀ 1.75 sí ara wọn. Kí nọ́ọ̀tì tirẹ̀ sì wọ bóòtù ẹlòmíràn kó tó gba máàkì. Àáró náà nìyẹn.

Àwọn ìyá onígaàrí yẹn, ẹ má gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì dá ọjọ́ fún wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti gba owó tó sì dá ọjọ́ á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta tó yára, ẹ̀kọ́ sì parí nìyẹn. Ẹ parí ẹ̀rọ kan, ẹ gbé e lọ fún wọn kí wọ́n fi rin ẹ̀gẹ́ fún oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọmọ méjì máa lọ wò ó lọ́jọ́ ọjà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá yẹn, pé bẹ́líìtì ń jábọ́, pé ẹnu rẹ̀ ga jù, pé béárìnì ń pariwo, òun ni kí wọ́n fi tún àwọn mẹ́ta yòókù ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú kán yín. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni ọmọ fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, díẹ̀ nílé-iṣẹ́, díẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, kó tó ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Ẹ̀yin fẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn ní táàmù kan.

CNC? Kò tíì yá. Ẹ fi owó yẹn ra micrometer mẹ́ta, awò ojú, àti túùlù tó dára. Tí kọ̀ǹpútà bá wà nílé-ẹ̀kọ́ yín, ètò tó ń fi bí G-code, àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún ẹ̀rọ CNC, ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ tí kò sí nípò léètì lọ́sẹ̀ kan lè máa fi ṣeré. Wọ́n á rí i níbẹ̀ pé ìbú ni wọ́n sábà fi ń kọ nọ́ńbà X lórí léètì CNC, wọ́n á sì rántí kun funfun tí ẹ kọ sára ti yín.

Ṣáàfù méjì tó kọ̀, tí wọ́n bá tóbi jù, ẹ tún wọn fá. Tí wọ́n bá kéré, ẹ má sọ wọ́n sórí àkìtàn, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó irin lé wọn lórí. Kí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ fá wọn wá sí 20, kí wọ́n lo béárìnì 204, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa fi lọ ata ní kíṣìnnì ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní micrometer 0 dé 25 kan tí mi ò lò mọ́ láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn wá gbà á ní Kàbà, kí ó mú irin kan tó gé fúnra rẹ̀ wá pẹ̀lú, ká jọ wọ̀n ọ́n kó tó lọ.